Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀pẹ́ Fọhùn

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ló kan ìwé ìròyìn ìjọ nínú eré?" Ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa ni, ọ̀rọ̀ etí tí a fi ń gbọ́ ìbáwí sì ni pẹ̀lú.

Gbogbo wa la mọ ayò: ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ́. Nídìí ọpọ́n, ọ̀ta ló ni ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọ̀pẹ́ fọhùn. Àṣà yẹn yẹ ayò, nítorí ayò ti wà kí á tó bí àwọn baba ńlá wa, kò sì sí ohun tí ọ̀pẹ́ fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe eré tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò ta rí ńkọ́? Ta ni yóò sọ ibi tó kù sí fún un? Ohun tí ojú wa rí ní Òkìtìpupa ló fi ìdáhùn hàn wá.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tó ń já wa láyà nígbà tí ọmọkùnrin bá jókòó ti kọ̀ǹpútà di ọ̀gànjọ́ òru. Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà lu jìbìtì sì ń gun mọ́tò olówó ńlá kọjá lára ọmọ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyá ọmọ yìí ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ló kó ara rẹ̀ ní ìjánu, ó sì bi í pé, "Ọmọ mi, kí lo ń ṣe lóru?" Ọmọ náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Eré ló ń ṣe.

Orí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni eré náà dá lé. Ènìyàn mẹ́rin ló ń ta á. Olúkúlùkù ní igbó, oko ẹ̀gẹ́ àti oko ọ̀pẹ, odò kan ṣoṣo ló sì ń ṣàn kọjá lára ilẹ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà òjò kan, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ títí yóò fi di ìgbà 12, èyí tí í ṣe ọdún mẹ́fà. Bó bá kan ẹnì kan, ó lè ṣán oko, ó lè gbìn, ó lè dẹ ìgbẹ́, ó lè pẹja, ó lè tajà. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nílé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, síbẹ̀ igbó, omi àti ẹranko kò gbọdọ̀ parun. Ẹni tó bá pa gbogbo ejò rẹ̀, ọ̀yà yóò pọ̀, yóò sì jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá gé gbogbo igi etí odò, omi rẹ̀ yóò fà ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbọ́n eré náà ni pé kí ènìyàn má ṣe fi ọwọ́ kan mú nǹkan kí ó sì fi èkejì bà á jẹ́.

Nítorí pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, tí iná mànàmáná kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó ya eré náà sórí páálí. Ẹkùrọ́ dúró fún ọ̀pẹ, ẹ̀wà dúró fún ẹranko. Ó wá bẹ àwa tí à ń ṣètò ìwé ìròyìn yìí pé kí á bá òun kó ènìyàn jọ láti ta á wò. Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a ti tún ilé Ọlọ́run ṣe tán, ènìyàn mẹ́jọ jókòó sídìí páálí méjì: ọ̀dọ́ mẹ́rin àti àgbà mẹ́rin. Nígbà tó fi máa di ìgbà keje, gbogbo ilẹ̀ ti kú. Kò sí ẹnì kan tó dé ìgbà 12. Ìgbà náà ni àròyé bẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ TA Á SỌ

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ni ìyá kan tó ń ṣe púpurú tà. Gbogbo wa la mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí: a óò bó ẹ̀gẹ́, a óò rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, a óò gbo ó, a óò mọ ọ́n roboto-roboto, a óò sì yan án lórí iná títí yóò fi gbẹ. Ìyá ní, "Ọmọ mi, o ní mo rẹ ẹ̀gẹ́, mo ṣe púpurú, mo tà á, mo gbowó. Igi wo ni mo fi dáná?" Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ náà kò fi igi ìdáná sínú eré rárá. Oúnjẹ tí ó ti ń jẹ láti kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń ru igi rẹ̀ wálé.

Ẹnì kejì ni bàbá kan tó jẹ́ ará Ìlàjẹ, tó ti pẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé lọ́dọ̀ wa. Nínú eré náà, ewéko kan wà tó ń bo omi, ẹyọ kan ló sì ń lé sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O kò tí ì dáyé nígbà tí ewé yìí dé. Kì í fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ọjọ́ tí o bá rí i tó gba ìdajì odò, o ti pẹ́ jù."

Òtítọ́ ni bàbá sọ. Ewéko náà kì í ṣe ojúoró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, water hyacinth sì ni àwọn òyìnbó ń pè é. Láti orílẹ̀-èdè Benin ló ti gba omi Badagry wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984, kò sì pẹ́ rárá tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja etí òkun Oǹdó. Níbi tó bá ti rí oòrùn àti omi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀n á há sí i, ẹja tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ní rí atẹ́gùn mí. Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké kò rí bẹ́ẹ̀? Nígbà tó ṣì kéré, òdòdó ni à ń wò.

Àríyànjiyàn tó le jù ni ti ejò. Arábìnrin kan ní ohun tó ń bí òun nínú ni pé eré yìí ń jẹ ẹni tó bá pa ejò níyà. Ó ní, "Láti inú ọgbà Édẹ́nì ni ejò ti jẹ́ ọ̀tá wa. Ṣé kí á wá máa sìn ín ni?" Ọ̀pọ̀ ló ṣe àmín sí i. Bàbá àgbà kan tó ti ṣe ọdẹ rí ló dá a lóhùn. Ó ní, "Arábìnrin, èyí tó bá wọlé yín, ẹ pa á. Èmi náà á bá yín pa á. Ṣùgbọ́n òjòlá tó wà nínú igbó, ọ̀yà àti eku ló ń jẹ. Ọdún tí a pa òjòlá oko wa tán, ẹ̀gẹ́ wa kò tó jẹ. Ẹni tó dá a ló mọ ìdí tó fi dá a." Lẹ́yìn èyí ni ó yíjú sí ọmọ náà: "Ṣùgbọ́n ìwọ náà ṣe àṣìṣe. Mo pa ejò báyìí, ọ̀yà pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Irọ́ ni. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ọ̀yà fi ń lóyún. Ohun tó ń tan àgbẹ̀ jẹ nìyẹn: lọ́dún tó pa ejò, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà ni ìyà á tó dé, kò sì ní rántí ohun tó fà á."

Alàgbà kan kò fẹ́ rí dáìsì tí wọ́n ń jù láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀. Ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun fi pín aṣọ Olúwa wa nídìí àgbélébùú, kò sì yẹ kí ó wọ inú ọgbà ìjọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń kùn. Ṣùgbọ́n alàgbà fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó mú wa ronú: "Yàtọ̀ sí ìyẹn, òjò kì í rọ̀ bí ẹni ju dáìsì. Ó ní àkókò tirẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó tún ń rọ̀, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé."

Ní ti àwọn ọmọdé tó ń wòran, ẹjọ́ wọn kúrú: eré náà gùn jù, òfin rẹ̀ sì pọ̀ jù. Bí ilẹ̀ ẹnì kan bá kú ní ìgbà kẹrin, ṣé kí ó kàn máa wo àwọn yòókù lójú ni?

ỌMỌ NÁÀ KÁ PÁÁLÍ RẸ̀

A fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín. Inú ọmọ náà kò dùn. Bí ìyá oní-púpurú ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń wí pé, "Màmá, ẹ kò yé e ni." Nígbà tó kan bàbá ọdẹ, ó ní, "Bàbá, eré lásán ni, kì í ṣe oko." Nígbà tó kan àwọn ọmọdé, kò dáhùn mọ́. Ó ká páálí rẹ̀, ó sì lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, a kò rí i ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yẹ kó máa fi pa owó, kì í ṣe kí ó máa ṣeré fún àwọn arúgbó. Ẹ̀yin náà mọ irú owó tí ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ.

Ẹ̀rí ọkàn dá wa lẹ́bi. Ohun gbogbo tí a sọ ló jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹnì mẹ́jọ ló sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó kọ́kọ́ wí pé, "O kú iṣẹ́."

Bàbá ọdẹ àti ìyàwó rẹ̀ ló tún un ṣe. Wọ́n ránṣẹ́ pè é wá jẹun nílé wọn. Nígbà tó jẹun tán, bàbá wí fún un pé, "Iṣẹ́ tí kò dára, a kì í fi wákàtí mẹ́ta jiyàn lé e lórí. Bí a bá kàn wí pé ó dára, tí a dìde lọ, ìgbà náà ni kí o sunkún." Ẹ wo ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18, ẹsẹ 24 sí 26. Àpólò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì ní ìtara, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò tí ì pé. Ákúílà àti Pírísílà gbọ́ ibi tó kù sí. Wọn kò dìde nínú sínágọ́gù láti dójú tì í. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, tọkọtaya, wọ́n sì la ọ̀nà náà yé e sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Ó tún tẹ̀ síwájú ni.

KÌ Í ṢE ÒUN NÌKAN LÓ ṢUBÚ

Nígbà tí ọmọ náà padà wá bá wa, a sọ ìtàn ọ̀gbẹ́ni kan fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìrònú ẹ̀dá ni ní ilẹ̀ Jámánì, Dietrich Dörner lorúkọ rẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà ṣe ilẹ̀ àfinúrò kan ní Áfíríkà, ó pè é ní Tanaland, ó sì fa ilẹ̀ náà lé àwọn ènìyàn 12 lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, láti ṣàkóso rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni ire ni wọ́n, ire ni wọ́n sì rò. Wọ́n pa eku àti ọ̀bọ tó ń jẹ irè oko. Àwọn kòkòrò tí àwọn ẹranko wọ̀nyí ń jẹ wá pọ̀ sí i, àmọ̀tẹ́kùn tí kò rí ẹran pa nínú igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa màlúù. Wọ́n wa omi, wọ́n tọ́jú aláìsàn, ènìyàn pọ̀ sí i, oúnjẹ kò sì tó mọ́. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ìyàn ló kẹ́yìn rẹ̀. Dörner kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1989. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé kì í ṣe làákàyè ló ya àwọn tó ṣe dáadáa sọ́tọ̀. Wọ́n ń béèrè ìdí nǹkan ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ń padà lọ wo ohun tí ìpinnu wọn dá sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí á rò pé ohun tó ti dàrú kò ṣeé tún ṣe. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kékeré kan bí ìyẹ̀fun wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ń pa ẹ̀gẹ́ run láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Kò sí ọ̀tá tó mọ̀ ọ́n níbí. Àwọn onímọ̀ wá a dé Paraguay, níbi tí wọ́n ti rí agbọ́n tín-ín-rín kan tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ní ọdún 1981, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tú agbọ́n náà sílẹ̀ sínú oko, ó sì tàn ká débi pé ẹ̀gẹ́ gbérí lẹ́ẹ̀kan sí i. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 1995. Láti ọdún 1991 ni wọ́n sì ti ń tú kòkòrò tó ń jẹ ewéko orí omi sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Púpurú tí à ń jẹ lónìí, agbọ́n tí a kò lè fi ojú rí dáadáa wà nínú ìdí tó fi wà.

LẸ́YÌN OṢÙ MẸ́TA

Ọmọ náà tún páálí rẹ̀ yà. Ó fi igi ìdáná sí i. Ó jẹ́ kí ewéko omi máa di ìlọ́po méjì. Ó jẹ́ kí ọ̀yà dúró ní ìgbà kan gbáko kí ó tó pọ̀ lẹ́yìn tí ejò bá tán. Ó sọ dáìsì nù, ó sì fi káàdì òjò àti káàdì ẹ̀ẹ̀rùn rọ́pò rẹ̀, títí kan ìdádúró oṣù Kẹjọ. Ó tún fi káàdì agbọ́n sí i. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá kú kò ní jókòó lásán mọ́. Yóò di alágbàṣe lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀.

Ó sọ nǹkan kan fún wa tí a kò gbàgbé. Ó ní bí ènìyàn bá sọ pé ibí yìí ń dun òun, òun ti mọ̀ báyìí pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá sọ oògùn tí òun gbọ́dọ̀ lò, òun á kọ́kọ́ rò ó wò. Arábìnrin wa fẹ́ kí ó yọ ejò kúrò. Kò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó pín in sí méjì: ejò ilé àti ejò igbó. Ẹni tó bá pa ejò ilé kò jẹ gbèsè kankan. Arábìnrin gbà bẹ́ẹ̀.

A tún jókòó. Lórí páálí kìíní, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dé ìgbà 12, ìyá oní-púpurú ló sì ṣáájú wọn. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kò fọwọ́ kan igi etí odò, ó sì ń pe àwọn yòókù láti jùmọ̀ kó ewéko omi nígbà tó ṣì kù díẹ̀. Lórí páálí kejì, ẹni tó wà lókè odò ń ti ewéko tirẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ó rò pé òun gbọ́n. Ní ìgbà kẹwàá, ebi pa gbogbo wọn, òun náà pẹ̀lú, nítorí kò rí ẹni bá a ṣiṣẹ́ mọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan ti pé. Àwọn ọmọdé ṣì ní ó gùn. Ti orí fóònù kò tí ì parí. Àwọn kan nínú ìjọ ṣì gbà pé àkókò tí a fi ta á, àdúrà ni ìbá ti dára jù. A gbọ́ tiwọn náà. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà dúró jẹ́rìí ní ọjọ́ Ìsinmi pé òun mọ ohun tí ọmọ òun ń ṣe lóru.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ WA

Ní Jẹ́nẹ́sísì orí 2, ẹsẹ 15, Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà pé kí ó ro ó, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀; iṣẹ́ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Nínú Diutarónómì orí 22, ẹsẹ 6 àti 7, ó kọ́ Ísírẹ́lì pé bí wọ́n bá rí ìtẹ́ ẹyẹ, wọ́n lè mú ọmọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìyá sílẹ̀ kí ó lọ. Ilẹ̀ máa ń fèsì fún ohun tí a bá ṣe sí i: odò tó fà, oko tí kò tó jẹ, ẹja tí kò sí mọ́. Àròyé ni gbogbo rẹ̀. Bí a kò bá lè gbọ́ àròyé ènìyàn tó jókòó níwájú wa, báwo ni a ó ṣe gbọ́ ti ilẹ̀ tí kò lẹ́nu?

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá ṣe ohun tuntun, ẹ gbé e fún ọ̀pẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ tó sọ ibi tó kù sí. Bó bá sì le, ẹ pè é sọ́dọ̀.

Ẹ jíròrò ìwọ̀nyí nínú ilé yín nígbà àdúrà ìrọ̀lẹ́:

1. Ta ló tọ́ mi sọ́nà kẹ́yìn, kí ni mo sì fi dá a lóhùn?
2. Kí ni a ń tì sọ́dọ̀ aládùúgbò wa tó yẹ kí á jùmọ̀ palẹ̀ mọ́?
3. Ǹjẹ́ a mọ ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi ọwọ́ wọn ṣe?

Kí Olúwa fún wa ní etí tó ń gbọ́, kí ó sì pa ilẹ̀ wa mọ́ fún àwọn ọmọ wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.